Ojú Aago Tó Sọ Owó Aago Di Ìlọ́po Ọgọ́fà

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 2021, ilé gbàǹjo Phillips ta aago ọwọ́ kan ní New York ní 6,503,500 dọ́là. Ẹni tí wọ́n gbà láàyè láti ra ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù nígbà náà, 52,635 dọ́là ló san. Aago náà kì í ṣe ohun àtijọ́ tí ọba tàbí ààrẹ kan lò rí, kò sì sí dáyámọ́ńdì kankan lára rẹ̀. Irin aláìdípẹtà ni wọ́n fi ṣe é, àti ara àti ẹ̀wọ̀n. Patek Philippe ti ìlú Geneva ní Swítsàlandì ló ṣe é, Nautilus ni wọ́n ń pè é, nọ́ńbà rẹ̀ ni 5711/1A-018, 170 péré ni wọ́n sì ṣe.

Lóòótọ́, gbogbo owó gbàǹjo yẹn lọ sọ́dọ̀ The Nature Conservancy, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo igbó àti omi, èèyàn a sì máa lawọ́ sí i tó bá mọ̀ pé àánú ni òun ń ṣe. Síbẹ̀ àánú nìkan kọ́ ló gbé aago irin dé iye yẹn. Ẹ̀rọ tó wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní 26-330 S C, ti wà nínú Nautilus mìíràn láti ọdún 2019. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 40 bíi ti àwọn 5711 yòókù. Bí ẹ bá yọ ọ̀rọ̀ ìrántí tó wà lára gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, ojú rẹ̀ ló yàtọ̀: idẹ pẹlẹbẹ kan, ọ̀dà tí wọ́n fọ́n sí i, àti orúkọ Tiffany, ṣọ́ọ̀bù ohun ọ̀ṣọ́ kan ní New York, tí wọ́n fi íǹkì tẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ tó wà nínú nǹkan mẹ́ta yìí ni mo fẹ́ ṣàlàyé, nítorí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wo àwòrán aago náà rò pé wọ́n kàn kùn ún ni.

Gérald Genta ló ya àwòrán Nautilus àkọ́kọ́, tó jáde ní ọdún 1976. Òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé inú ilé oúnjẹ ni òun wà, tí àwọn ọ̀gá Patek ń jẹun lọ́wọ́ lápá kejì, tí òun fi béèrè fún bébà tí òun sì yà á láàrin ìṣẹ́jú márùn-ún. Fèrèsé ọkọ̀ ojú omi ló fi ṣe àwòkọ́ṣe, irú èyí tí wọ́n máa ń dè pinpin kí omi má bàa wọlé, ìdí sì nìyẹn tí aago náà fi ní etí lọ́tùn-ún lósì. Láti ọjọ́ náà ni ojú rẹ̀ ti ní àwọn ìlà tó ga tó sì jìn, tí wọ́n gba ìbú kọjá láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Àgbẹ̀ tó bá fi awò wò ó á pè é ní ebè àti poro, n ó sì máa lo ọ̀rọ̀ méjèèjì náà lọ bẹ́ẹ̀, nítorí wọ́n bá a mu.

Ojú aago tó gbówó lórí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ara idẹ tí kò tó ìlàjì mìlímítà ní nínípọn. Wọ́n á gé e, wọ́n á lu ihò sí àárín rẹ̀ fún ọ̀pá tí ọwọ́ aago yóò jókòó lé, wọ́n á gé fèrèsé tí déètì yóò ti máa yọjú, wọ́n á sì jó ẹsẹ̀ kéékèèké méjì mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹsẹ̀ yìí ni yóò wọ inú ẹ̀rọ, tí wọ́n á fi ìdè tíntìntín dì í mú. Bí ẹsẹ̀ kan bá yà díẹ̀, déètì kò ní í bọ́ sí àárín fèrèsé mọ́, ojú ẹni tó ni ín kò sì ní í kúrò níbẹ̀ láyé. Patek ní ilé iṣẹ́ tirẹ̀ tó ń ṣe ojú aago, Cadrans Flückiger, ní ìlú Saint-Imier, lórí òkè Jura. Ohun tó jẹ́ kí wọ́n ní tiwọn kò ṣòroó mọ̀. Ojú ni oníbàárà ń rí ní gbogbo ọjọ́, àléébù ibẹ̀ kò sì ṣeé fi pamọ́ bíi ti inú ẹ̀rọ.

Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń tẹ ebè àti poro náà mọ́ ojú Nautilus. Òun ló ń fún un ní ìjìnlẹ̀, torí pé ìmọ́lẹ̀ máa ń bà sórí ebè, òjìji a sì wà nínú poro. Lójú Nautilus aláwọ̀ búlúù tí gbogbo ayé mọ̀, wọ́n tún máa ń fi ìfá fá a ní fínífíní láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́, kí àwọ̀ rẹ̀ lè máa yí bí ọwọ́ bá ti ń yí. Ní ìṣẹ́jú kan ẹ ó rí búlúù títàn, bí ẹ bá tẹ ọwọ́ yín sí i, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di dúdú létí. Ojú tó ń ṣe báyìí a máa bo àṣírí. Eruku kékeré tó bá há sínú rẹ̀ kò ní í tètè hàn, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ kì í dúró sójú kan.

Àwọ̀ ti aago Tiffany kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ó dúró gbọn-in. Àwọ̀ kan náà lẹ ó rí láàárọ̀ àti lálẹ́, láti iwájú àti láti ẹ̀gbẹ́, ó sì mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àbààwọ́n tó kéré bí orí abẹ́rẹ́ yóò fi hàn lára rẹ̀ bí ẹní fi íǹkì dúdú sàmì sí i. Lójú tèmi, ìgboyà tó wà nínú aago náà nìyẹn, ju owó rẹ̀ lọ.

Àwọ̀ náà tún ní olúwa. Ọdún 1837 ni wọ́n dá Tiffany sílẹ̀ ní New York, nígbà tó sì di 1845, wọ́n ti ń fi àwọ̀ yìí ṣe èèpo ìwé tí wọ́n ń tẹ ohun ọ̀ṣọ́ wọn sí. Búlúù tó fẹ́ jọ àwọ̀ ewé díẹ̀ ni, bíi ti ẹyin ẹyẹ robin ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní 1998 wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin gẹ́gẹ́ bí àmì ilé iṣẹ́ wọn. Pantone, ilé iṣẹ́ tó ń fún àwọ̀ ní nọ́ńbà kí àwọn atẹ̀wé lè fi bá ara wọn sọ̀rọ̀, sì pò ó fún wọn lọ́tọ̀, wọ́n pè é ní 1837 Blue. Àwọn ènìyàn tó ti ń rí páálí kékeré aláwọ̀ yìí láti ìgbà èwe wọn mọ̀ ọ́n láìka orúkọ ara rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ fi kun ojú aago kò lè sọ pé ó sún mọ́ ọn. Kó bá a mu ni.

Ohun tó le níbẹ̀ ni pé bébà àti irin kì í fi àwọ̀ hàn bákan náà. Bébà máa ń fa íǹkì mu, ìmọ́lẹ̀ tó bà lé e kì í dán padà. Irin ń dán, ìmọ́lẹ̀ sì máa ń gba inú ọ̀dà kọjá lọ bá a kó tó padà sójú wa. Bí ọ̀dà bá fúyẹ́, pípọ́n tí idẹ pọ́n á yọ sínú búlúù, búlúù náà á sì dà bí ohun tó ti pẹ́. Bákan náà, àwọ̀ méjì tó bára mu lábẹ́ oòrùn lè yà kúrò lọ́dọ̀ ara wọn lábẹ́ gílóòbù. Ìdí rèé tí àwọn akunjú-aago fi máa ń wo àwọ̀ lábẹ́ oríṣiríṣi ìmọ́lẹ̀ kí wọ́n tó gbà pé ó dáa.

Fífọ́n ni wọ́n ń fọ́n ọ̀dà dídán sí ojú aago, nínú yàrá tí wọ́n ti gbá gbogbo eruku inú afẹ́fẹ́ rẹ̀ kúrò. Wọ́n á fọ́n ìpele kan, wọ́n á gbé e sínú ààrò kó gbẹ, wọ́n á tún fọ́n òmíràn lé e. Bí ojú aago bá tẹ́jú, iṣẹ́ rọrùn díẹ̀, torí wọ́n lè fọ́n ọ̀dà nípọn, kí wọ́n wá fi nǹkan líle rà á títí yóò fi máa dán bíi dígí. Ẹ gbìyànjú ìyẹn lórí ebè, ẹ ó há orí ebè dànù ni. Ọ̀dà náà sì ní ìwà tirẹ̀ kó tó gbẹ: a máa fà sẹ́yìn kúrò létí ohun tó bá mú, a sì máa ṣàn lọ sí ibi tó bá jìn. Bó bá pọ̀ jù, poro á kún, ojú aago á sì di pẹlẹbẹ. Bó bá kéré jù, orí ebè á ṣá. Ìwọ̀n tó wà láàrin méjèèjì kò fẹ̀ rárá, orí gbogbo ìlà náà pátá ló sì gbọ́dọ̀ ti dọ́gba. Èyí tí kò bá dọ́gba, wọn kì í tún un ṣe, kíkó ni wọ́n ń kó o dànù.

Ó wá kan lẹ́tà. Lókè, lábẹ́ ibi tí aago méjìlá wà, wọ́n kọ PATEK PHILIPPE, GENEVE sì wà lábẹ́ rẹ̀. Nísàlẹ̀, lókè ibi tí aago mẹ́fà wà, wọ́n kọ TIFFANY & CO. Kò sí ẹni tó fi ọwọ́ kọ wọ́n, wọn ò sì lo èdìdì líle, torí èdìdì líle kò lè wọ inú poro. Ọgbọ́n tí wọ́n ń lò nìyí. Wọ́n á gbẹ́ lẹ́tà náà sínú àwo irin, jíjìn rẹ̀ kò ju ìdá díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà kan lọ. Wọ́n á da íǹkì bò ó, wọ́n á sì fi abẹ tó tẹ́ nu orí àwo náà mọ́ tónítóní, tó fi jẹ́ pé inú ihò lẹ́tà nìkan ni íǹkì kù sí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á mú rọ́bà sílíkónì kan tó rí rùmúrùmú, tó sì rọ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ mọ́ àwo náà. Íǹkì á lẹ̀ mọ́ rọ́bà. Wọ́n á gbé rọ́bà lọ sórí ojú aago, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ lé e.

Rírọ̀ rọ́bà yẹn ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Àárín rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kan ojú aago, yóò wá máa tẹ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ tó wà láàrin á sì sá jáde. Bó ti ń tẹ́ lọ ló ń wọ poro, tó tún ń gun ebè, tó ń fi íǹkì sílẹ̀ níbi gbogbo tó bá kàn. Lẹ́tà kan ṣoṣo lè gun ju ìlà kan lọ, síbẹ̀ bí ẹ bá wò ó láti òkè, ẹ ò ní í rí i pé ó tẹ̀. Ìtẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan kì í tó. Wọ́n á dúró kó gbẹ, wọ́n á tún tẹ òmíràn lé e ní ojú ibẹ̀ gan-an, kí íǹkì lè ga díẹ̀ kó sì dúdú dáadáa. Bí ẹ bá fi awò ojú kan tí àwọn atún-aago-ṣe ń lò wo lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ dáadáa, ẹ ó rí i pé ó wú sókè lórí ọ̀dà, etí rẹ̀ mú, igun rẹ̀ kò ṣàn. Ìrù kékeré tó wà lẹ́sẹ̀ lẹ́tà á yọ kedere. Bí ìtẹ̀ kejì bá yẹ̀ kúrò lórí ti àkọ́kọ́, lẹ́tà náà á ní òjìji bí ẹni pé ó ń gbọ̀n.

Àwọn ọ̀pá kéékèèké tó ń sàmì wákàtí kì í ṣe ọ̀dà. Wúrà ni, wọ́n ṣe wọ́n lọ́tọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ẹsẹ̀ tí wọ́n ń kì bọ ihò lára ojú aago, kí wọ́n tó dì í láti ẹ̀yìn. A jẹ́ pé wọ́n ti lu ihò wọ̀nyí kí wọ́n tó fọ́n ọ̀dà, ọ̀dà kò sì gbọdọ̀ dí wọn. Ẹni tó ń kì wọ́n bọ ibẹ̀ kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kí irin ọwọ́ rẹ̀ yẹ̀, nítorí pé lára àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ báyẹn, ìhá kékeré ti ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́.

Nínú ọ̀pá wúrà yìí àti nínú ọwọ́ aago ni ohun tó ń tàn lókùnkùn wà. Láyé àtijọ́ rédíọ̀mù ni wọ́n ń lò. Àwọn ọmọbìnrin tó ń fi í kun ojú aago ní New Jersey àti Illinois ní Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, máa ń fi ètè wọn tọ́ ẹnu búrọ́ọ̀ṣì kó lè mú. Rédíọ̀mù náà wọ inú egungun wọn, ó jẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì kú. Trítíọ̀mù rọ́pò rẹ̀. Ẹ ó rí i lára àwọn aago kan tó ti pẹ́, níbi tí wọ́n ti kọ T sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọ̀rọ̀ náà SWISS, nísàlẹ̀ pátápátá. Èyí tí wọ́n ń lò báyìí kò ní oró kankan: èròjà tó ń fa ìmọ́lẹ̀ mu lójú mọmọ, tó sì ń tú u sílẹ̀ lálẹ́. Àwọn ará Jàpáàn ló ṣe é ní àwọn ọdún 1990.

Ìlà kékeré ìsàlẹ̀ yẹn tó ohun tí à ń dúró kà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Òfin wà lẹ́yìn SWISS MADE tí wọ́n ń kọ síbẹ̀, ìyẹn pé Swítsàlandì ni wọ́n ti ṣe aago náà. Láti ọdún 2017, ó kéré tán ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí wọ́n ná láti ṣe aago ni wọ́n gbọ́dọ̀ ná ní Swítsàlandì, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì gbọ́dọ̀ ti tò ó kí wọ́n sì ti yẹ̀ ẹ́ wò. Lójú àwọn aago àtọdún 1970, títí kan Nautilus àkọ́kọ́, ẹ tún lè rí lẹ́tà Gíríìkì σ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọ̀rọ̀ náà SWISS. Àmì pé wúrà ni ọ̀pá wákàtí ni. Nígbà náà, aago oníbátìrì láti Jàpáàn ti fẹ́ gba ọjà, àwọn ará Swítsàlandì sì ń wá ọ̀nà láti sọ fún oníbàárà pé tàwọn kì í ṣe yẹpẹrẹ.

Ọwọ́ aago ni wọ́n máa ń fi sí i kẹ́yìn. Wọ́n á kọ́kọ́ yí ẹ̀rọ títí déètì yóò fi já sí ọjọ́ kejì, ibẹ̀ ni wọ́n á ti fi ọwọ́ wákàtí àti ọwọ́ ìṣẹ́jú kọjú sí méjìlá, kí déètì lè máa yí ní ọ̀gànjọ́ òru. Ọwọ́ mẹ́ta ló wà lórí ara wọn, gíláàsì sì wà lórí wọn. Gbogbo aago náà, àti ẹ̀rọ àti gíláàsì, kò nípọn ju mìlímítà 8.3 lọ. Ẹ fojú inú wo bí àyè tó kù láàrin ọwọ́ kan sí èkejì ti kéré tó.

Kí ló wá gbé orúkọ ṣọ́ọ̀bù dé ojú aago ẹlòmíràn? Láti ọdún 1851 ni Tiffany ti ń ta aago Patek ní Amẹ́ríkà, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi ṣe 170 ní 2021, ọ̀kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan. Nígbà yẹn, oníbàárà ní New York lè má mọ ẹni tí Patek jẹ́. Tiffany ló mọ̀. Orúkọ ṣọ́ọ̀bù lójú aago jẹ́ onídùúró fún ẹni tó ṣe é. Àwọn ṣọ́ọ̀bù mìíràn ṣe bẹ́ẹ̀: Gübelin ní Lucerne, Beyer ní Zürich, àní Cuervo y Sobrinos ní Havana, nígbà tí àwọn olówó Kúbà ṣì ń náwó. Bí orúkọ àwọn aláago ti ń gbilẹ̀ kárí ayé, ipò yí padà. Wọn kò nílò onídùúró mọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ láti jẹ́ kí ẹlòmíràn bá wọn pín ojú aago wọn. Bó ti ń ṣọ̀wọ́n ló ń wọ́n, tó fi jẹ́ pé lónìí aago Patek àtijọ́ tó ní orúkọ Tiffany máa ń gbówó ju ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò ní lọ dáadáa, bẹ́ẹ̀ sì rèé, íǹkì lásán ló fi yàtọ̀.

Àkókò tí wọ́n gbé ti 2021 jáde tún dá kún un. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà ni ilé iṣẹ́ LVMH ti Faransé ra Tiffany, kò sì pẹ́ sí i tí Patek kéde pé àwọn yóò dáwọ́ Nautilus 5711 onírin dúró, aago tí àwọn ènìyàn ti ń tò fún ọ̀pọ̀ ọdún láti rà. Wọ́n gbé aláwọ̀ ewé kan jáde láàrin ọdún náà, ti Tiffany sì tẹ̀ lé e, ìdágbére gan-an. Àwọ̀ náà kò sì sinmi lẹ́yìn ìyẹn. Jay-Z, olórin ráàpù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, wọ tirẹ̀ síta nínú oṣù Kejìlá yẹn kan náà. Rolex ti ń ta Oyster Perpetual kan tí ojú rẹ̀ fara jọ ọ́ láti ọdún 2020, aago tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́jọ owó Nautilus yẹn. Lójijì ni iye rẹ̀ fò sókè lọ́wọ́ àwọn alágbàtà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí lẹ́tà Tiffany kankan lára rẹ̀.

Níbi tí íǹkì bá ti di owó, onígbàjúẹ̀ kì í jìnnà. Ẹni tó ní àwo irin, rọ́bà sílíkónì àti íǹkì lè tẹ orúkọ Tiffany sí ojú Patek tí kò ti ibẹ̀ wá. Awò ni wọ́n fi ń mú wọn. Lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀ sábà máa ń tutù jù, àwọ̀ íǹkì rẹ̀ kì í bá ti lẹ́tà òkè mu, gíga wọn a sì yàtọ̀ bí ẹ bá tẹ aago náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ lábẹ́ iná. Àwọn kan ò tilẹ̀ dé ìdí lẹ́tà, ojú aago lódindi ni wọ́n ń kùn ní àwọ̀ náà. Ìdè tíntìntín tó di ẹsẹ̀ méjèèjì mú ni gbogbo ohun tó so ojú mọ́ ẹ̀rọ, atún-aago-ṣe tó mọṣẹ́ sì lè yọ ọ́ láàárọ̀ kó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ kó tó di ọ̀sán. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá fẹ́ ra 5711/1A-018 fi máa ń kọ́kọ́ yí i dojú dé, kó wo gíláàsì ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n kọ 1851 àti 2021 sí pẹ̀lú orúkọ ilé iṣẹ́ méjèèjì, kó sì fi nọ́ńbà ara rẹ̀ wé ti ìwé tó bá a wá, kó tó yí i padà wo ojú.